Agogo Pápá Dún Lọ́sàn-án Gangan ní Òkè-Ẹfun

Ẹ lè pè mí lónírọ́ o. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀, mo ṣì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n mi ò mutí, oorun ò kùn mí lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe òru ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta síni lára. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, torí mi ò fẹ́ máa pariwo rẹ̀.

Káfíńtà ni mí, ní Ayétòrò. Tí ẹ bá bèèrè káfíńtà tó ga tó sì ń sọ̀rọ̀ jù, ilé mi ni wọn yóò mú yín wá tààrà. Òkè-Ẹfun ni wọ́n bí mi sí. Tí ẹ bá gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ láti Ayétòrò, tí ẹ yà sọ́wọ́ òsì níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ẹ ti ń sún mọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ má wá a lórí fóònù yín o, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí kọ́ńpìnì ń wa òkúta ẹfun lọ́dọ̀ wa, ìlú ni Òkè-Ẹfun, kì í ṣe abúlé. Búrẹ́dì gbígbóná ń jáde láràárọ̀. Ọkọ̀ àjàgbé ń tò láti ẹnu ihò òkúta títí dé títì. Àwọn ará Kútọnu ń wá ṣiṣẹ́, àwọn Ègùn ń wá, gbogbo wa ń jẹun. Eruku funfun bo gbogbo nǹkan. Tí o bá fẹ́ mọ ẹni tó ríṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ lo máa wò.

Àmọ́ ohun tó dùn jù nílùú wa ni agogo. Kì í ṣe agogo ṣọ́ọ̀ṣì o. Ríìmù ọkọ̀ àjàgbé kan ni wọ́n fi wáyà so rọ̀ sára igi máńgòrò létí pápá. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ òkúta lọ́sàn-án, Bàbá Rísí á fi irin lù ú, gbàn, gbàn, gbàn, gbogbo ìlú á jáde. Òfin ni. Wàá ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí gíláàsì má bàa fọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mì, wàá paná ìdáná, wàá gbé arúgbó ilé rẹ àti ọmọ ọwọ́, ó di pápá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ padà sílé àfi tí Bàbá Rísí bá lù ú lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wá wo gbogbo ìlú lábẹ́ máńgòrò, lójoojúmọ́. Ẹ̀pà sísun, ayò, òfófó. Àwọn tó ń bínú síra wọn á dúró fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ dandan, wọ́n á sì ti jọ rẹ́rìn-ín kí agogo kejì tó dún. Ibẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí bàtà òun.

Nígbà tó yá, omi kún ihò òkúta, kọ́ńpìnì kó ẹ̀rọ wọn, wọ́n gba ibòmíràn lọ. Kò sẹ́ni tó bá wa jà. Ìlú kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn tíṣà tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀dọ́ gba Ìdí-Ìrókò, wọ́n gba Èkó, wọ́n gba Kútọnu. Èmi náà gba Ayétòrò.

Ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ mi wá ń rọ́wọ́ mú, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Ẹni tó bá ń kó kúrò ní Òkè-Ẹfun, páànù ilé rẹ̀ ló máa ń kó dání. Ta ni yóò ra ilé níbi téèyàn ò sí? Ṣùgbọ́n páànù ṣì wúlò níbikíbi. Èmi ni wọ́n ń pè kí n ṣí i. Mo ṣí ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo ṣí ti ilé ìyá mi lẹ́yìn ikú rẹ̀. Orin ni mo máa ń kọ lórí òrùlé, torí iṣẹ́ ni. Tí páànù bá ti kúrò, òjò á mú ògiri, koríko á mú ìyókù.

Lópin ẹ̀ẹ̀rùn kan láìpẹ́ yìí, Ẹ̀gbọ́n Rísí pè mí. Ọmọ Bàbá Rísí tó ń lu agogo ni, ó ń ṣiṣẹ́ télọ̀ ní Ìlaròó. Bàbá ti kú tipẹ́, inú ọgbà ilé wọn la sin wọ́n sí. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, nìkan ló kù ládùúgbò wọn. Nínú gbogbo ilé tó yí pápá ká, tiwọn nìkan ló ṣì ní òrùlé.

"Wọ́n ṣubú lẹ́yìnkùlé lásìkò òjò tó kọjá," Ẹ̀gbọ́n Rísí sọ fún mi. "Àárọ̀ ni wọ́n ṣubú. Ìrọ̀lẹ́ ni obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn. Ká ní kò gba ibẹ̀ kọjá ńkọ́? Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún, wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan. Wá bá mi ṣí páànù yẹn. Tí òjò bá dé, wọ́n á tẹ̀lé mi wá sí Ìlaròó."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yin lè dá a lẹ́bi? Ta ló máa fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa gbọ́ igbe rẹ̀? Mo gbé hámà mi, mo gun ọ̀kadà, mo lọ.

Inú Màmá dùn nígbà tí wọ́n rí mi. "Ọmọ Ẹlẹ́kọ," wọ́n ní, torí ẹ̀kọ ni ìyá mi tà títí tó fi kú. "O ti wá ṣí mi lórí."

"Màmá, ẹ má bínú sí mi."

"Kí ni màá bínú sí? Jẹun kó o tó gòkè. Ẹni ebi ń pa kì í mọ ibi tó ń tẹ̀."

Wọ́n gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja fún mi, mo jẹ ẹ́ tán. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí, kéèyàn máa bọ́ ẹni tó wá tú ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá wọ yàrá wọn lọ, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí a máa báṣẹ́ wa lọ, àwọn ò ní jáde.

Mo ṣí páànù àkọ́kọ́, oòrùn wọlé bá wọn. Mo yọjú wò wọ́n láti òkè. Wọ́n ti gbé àwo ata wọn sínú oòrùn náà.

"O ṣeun, ọmọ mi," Màmá sọ fún mi. "Ata mi ò tíì gbẹ."

Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rín mú mi já bọ́. Ẹ̀gbọ́n Rísí wà nídìí àdìrò lẹ́yìnkùlé, ó ń se ẹ̀wà, ó ń sunkún. Màmá na ohùn sí i láti yàrá: "Rísí, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran o. Má jẹ́ kí ẹ̀wà yẹn jóná."

Báyìí ni mo ń ṣí i lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí oòrùn fi dé àtàrí. Òjìji mi ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Atẹ́gùn dá. Àwọn ẹyẹ dákẹ́.

Ẹ gbà mí gbọ́, àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹko nínú ilé aláìlórùlé tó kọjú sí wa gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn kọjú sí pápá.

Gbàn. Gbàn. Gbàn.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Mi ò rò ó rárá. Ká ní mo rò ó ni, orí òrùlé ni ǹ bá dúró sí. Ara ló gbọ́ agogo, kì í ṣe ọpọlọ. Mo ti wà nílẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ti ju hámà nù. Mo ń ṣí fèrèsé kiri, pàà, pàà. Mo gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Rísí da omi síná, ṣàà. Mo já wọ yàrá, Màmá ti dìde, wọ́n ti na apá méjèèjì sí mi. Mo pọ̀n wọ́n, ó di pápá.

A dé abẹ́ máńgòrò, a dúró, a ń mí hẹlẹhẹlẹ. A wo ara wa. Ìdérí ìkòkò ẹ̀wà ṣì wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Rísí. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà tẹ̀lé e, Màmá ń rín in lẹ́yìn mi títí mo fi sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Àgbà mẹ́ta tó ń sá fún ẹ̀tù tí kò sẹ́ni tó yìn ín. Ẹ lọ wá ará Ìlaròó tàbí ará Òkè-Ọ̀dàn tó lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ẹni tó bá dàgbà ní Òkè-Ẹfun nìkan ló lè ṣe é.

Ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí mo fi gbójú sókè wo igi.

Kò sí ríìmù níbẹ̀.

Kò tiẹ̀ lè sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá, èmi yìí ni mo bá wọn gbé e sínú ọkọ̀. Wáyà tó ti dípẹtà nìkan ló kù lára ẹ̀ka. Wáyà náà ń gbọ̀n.

Mo yíjú sí Màmá.

"Màmá," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ta ló lu agogo?"

"Ẹ sún," Màmá dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ sún díẹ̀. Ẹ fàyè sílẹ̀ fún wọn."

Ìró ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ẹsẹ̀ púpọ̀ tí kò kánjú. Lẹ́yìn náà ni òórùn ẹ̀pà sísun dé. Mo fẹ́ sá, irọ́ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn gbóná.

Inú àwọn ilé tí mo ti ṣí lórí ni wọ́n ti ń jáde bọ̀.

Mo rí ọkùnrin kan tó nawọ́ síbi tí fèrèsé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, tó ti nǹkan tí kò sí níbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó wá jáde. Mo rí obìnrin kan tó pọn arúgbó. Eruku funfun dé orúnkún gbogbo wọn. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, bí àwọn tó wà ní yàrá kejì, àmọ́ ẹ̀rín ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wàláì, àwọn òkú yẹn ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì wà láàárín wọn, òun tó kú sí Èkó. Ẹnìkan ti jókòó sídìí ayò. Bàbá Rísí ló gbẹ̀yìn, irin lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń yọjú láti ojúlé dé ojúlé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹnìkan ṣẹ́kù sínú ilé.

Ìyá mi wà níbẹ̀. Igbá ẹ̀kọ wọn wà lórí wọn. Wọ́n dúró níwájú mi, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá lọ. Èmi tí mo ṣí òrùlé wọn o, wọn ò mẹ́nu bà á. Jìnnìjìnnì bò mí, síbẹ̀ inú mi dùn. Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí àfi tí ìyá yín bá ti kú, tó sì tún padà wá bi yín bóyá ẹ ti jẹun.

"Màmá," mo bi ìyá Rísí, "ṣé ẹ máa ń rí wọn tẹ́lẹ̀ ni?"

"Kí lo rò pé mo ń jókòó tì níbí? Rísí ní mo dá wà. Èmi dá wà?"

Ìgbà yẹn ni mo rí àwọn kan tó dá dúró lápá kan pápá. Mi ò mọ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, kò sí ẹni tí mi ò mọ̀ ní Òkè-Ẹfun, òkú àti alààyè. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí. Ọ̀kan gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan pọnmọ. Kò sí eruku funfun lẹ́sẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ wọn mọ́ tónítóní. Ọkùnrin kan nínú wọn mi orí sí mi.

"Bọ́ńjúù," ó kí mi lédè Faransé jẹ́ẹ́jẹ́, bí àjèjì ṣe ń kí onílé.

Ọmọbìnrin tó pọnmọ kò wò mí. Ilé Màmá ló ń wò. Ó tẹjú mọ́ ihò tí mo ti dá sí òrùlé náà. Ó wá fi ọwọ́ bo orí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀.

Mo súnmọ́ etí Màmá. "Àwọn wo nìyẹn? Ìgbà wo ni wọ́n kú?"

Màmá yíjú sí mi, ẹnu yà wọ́n.

"Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ti kú? Wọn ò tíì dé ni."

Ilẹ̀ mì lábẹ́ wa, fẹ́ẹ́rẹ́, láìsí ìró kankan. Máńgòrò kan já lulẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, pápá ti ṣófo, àwọn ewúrẹ́ ti padà sídìí koríko wọn.

Mo yíjú sí Ẹ̀gbọ́n Rísí. Ó dúró gbagidi pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, ó ń wo ẹ̀ka igi.

"Ta ni ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?" ó bi wá. "Ta ló ń lu agogo yẹn?"

Kò rí nǹkankan. Ìró agogo nìkan ló gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Omijé ti ń ṣàn níbẹ̀ láti àárọ̀. Ẹnìkan ti nu ún fún un. Àmì ìka eléruku funfun wà níbẹ̀ kedere, ìka ọkùnrin, ìka ńlá.

Mo ní kó fi fóònù rẹ̀ wo ojú. Ó wò ó. Ó gbé ìka tirẹ̀ lé ibẹ̀, ìka tirẹ̀ kéré sí i.

"Bàbá mi," ó sọ.

Ó jókòó sílẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn fún un. Màmá jókòó tì í, wọ́n fẹ̀yìn ti igi. Èmi dúró sọ́ọ̀ọ́kán, mo ń wo bàtà mi, torí ó ní ohun tí ojú káfíńtà ò gbọdọ̀ wò jù.

Nígbà tó ṣe, Ẹ̀gbọ́n Rísí gbójú sókè. "Lọ bá mi kan páànù yẹn padà."

"Mo ti ń lọ," ni mo wí. Àmọ́ ẹsẹ̀ mi kò gbé. Mo ń retí agogo kejì. Òfin òfin ni, ẹ má rẹ́rìn-ín.

"Má dúró dè é," Màmá sọ fún mi. "Kì í dún mọ́. Bàbá Rísí kì í lu ìkejì tí èèyàn ò bá tíì pé."

Mo kan páànù yẹn padà kí oòrùn tó wọ̀, mo kàn án le ju ti àkọ́kọ́ lọ. A jẹ ẹ̀wà tí kò jinná tán, ó dùn. Kí ẹ má bàa rò pé Ẹ̀gbọ́n Rísí gbàgbé ẹ̀rù tó ń bà á, ó ti gbé máṣíìnì ìránṣọ kan wá sí Òkè-Ẹfun. Láti Ọjọ́bọ̀ títí di Sátidé ló máa ń wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àwọn ará oko ìtòsí ń gbé aṣọ wá fún un. Ó ra fóònù fún Màmá, ó fi okùn so ó mọ́ wọn lọ́rùn. Obìnrin tó ń kiri wàrà sì ń yà kí wọn ní gbogbo ọjọ́ tó kù. Tí mo bá lọ síbẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ni mo máa ń gbọ́ láti ọ̀nà.

Ọmọbìnrin tó pọnmọ kò tíì dé. Ẹni tó kí mi ní bọ́ńjúù, òun náà kò tíì dé. Ojú wọn ni mò ń wá ní gáréèjì Ayétòrò, àti lórí gbogbo ọ̀kadà tó bá ti Ìmẹ̀kọ wá, débi pé ìyàwó mi ti ń bi mí ta ni mò ń wò. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Mi ò mọ ohun tó máa gbé wọn wá síbi tí òkúta ti tán. Mo kàn mọ̀ pé mo rí wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé sílẹ̀ ní Òkè-Ẹfun, ẹ má pè mí mọ́ kí n wá ṣí páànù. Mi ò ní wá. Tí ẹ bá pè mí kí n wá kàn án, àárọ̀ kùtùkùtù ni mo máa dé. Àwọn àlòkù páànù ni mo ń ṣà jọ báyìí, ilé ìyá mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sì gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án gangan, tí ẹ gbọ́ gbàn, gbàn, gbàn, ẹ má sá. Ẹ bọ́ sí pápá, ẹ sún, ẹ fàyè sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣí òrùlé ilé tó ṣófo nítorí pé ẹ ò rí èèyàn nínú rẹ̀. Àwọn tí mo rí lápá kan pápá lọ́jọ́ yẹn pọ̀, òrùlé kan ṣoṣo ni mo sì fi sílẹ̀ dè wọ́n.